Orúkọ Tó Wà Lórí Fọ́ọ̀mù

Ilé Ìránṣọ Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n,
Lórí tábìlì ìgéṣọ,
Òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n, Abẹ́rẹ́ tí kì í sọnù,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìtọ́jú ilé, mo sì kí ọ kú ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín wa. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti fúyẹ́, àti pé ọkọ rẹ, ọmọlúàbí ènìyàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ, ń jí láyọ̀. Bí o bá béèrè èmi náà, mo wà láàyè, mo sì ń jẹun. Orúnkún òsì ló ń bá mi jiyàn nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, ojú mi sì ti ń béèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ kí n tó lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́ẹ̀kan fún ìròyìn inú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì fún adùn èdè rẹ, lẹ́ẹ̀kẹta nítorí pé mo fẹ́ràn bí ìkọ̀wé rẹ ṣe tò tẹ̀lé ara bí ojú ìrán aṣọ tó gún régé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni o bi mí níbẹ̀: “Bàbá mi, ṣé ẹ ti rí ẹni tí yóò gbà wá nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ owó orí?” O ní ìparí oṣù yìí ni o gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ ní iléeṣẹ́ aṣọ pé o ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí o lè wá gba ilé ìránṣọ yìí lọ́wọ́ mi.

Mo mọ ohun tó so mọ́ ìbéèrè náà. Ilé ìwòsàn ńlá fẹ́ kí á máa rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì wọn fún ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ yẹn ni yóò gbé ilé ìránṣọ ró nígbà tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, òun náà ni àwọn ènìyàn mọ́kànlá tí wọ́n ń jókòó sídìí ẹ̀rọ níbí ń wò lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí á mú ìwé ẹ̀rí owó orí wá, ní orúkọ ẹni tó ni ilé ìránṣọ gan-an. Ìdí nìyí tí èmi àti ìwọ fi fẹnu kò pé, kí á tó gbé ẹsẹ̀ kankan, kí á wá onímọ̀ tí yóò sọ fún wa bí mo ṣe lè fà á lé ọ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé owó orí jẹ ìdajì rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìdáhùn mi ni pé mo ti rí ẹni náà. Àmọ́ ohun kan wà láàárín ìtàn rẹ̀ tí mo ti fi pamọ́ fún ọ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí: màá kí ọ, màá kí ọkọ rẹ, màá yin ohùn rẹ pé ó ṣì dà bí ohùn ọmọge, owó inú fóònù á sì tán kí n tó dé orí ọ̀rọ̀. Ìwé kì í jẹ́ kí n rí ibi sá sí. Mo bẹ̀ ọ́, kà á dópin kí o tó bínú.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ni ọkùnrin kan tí Agéṣọ fún lórúkọ Ọ̀gá Oníjíǹgí. Agéṣọ ló sìn mí lọ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń gé aṣọ fún wa, kì í sì í jẹ́ kí n dá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbowó. Jíǹgí ni gbogbo ibi iṣẹ́ náà. Ògiri jíǹgí, ilẹ̀kùn jíǹgí, tábìlì jíǹgí, débi pé mo ń rí bàtà ara mi lábẹ́ tábìlì, mo sì rí i pé kò dán tó. Kí n má parọ́ mọ́ ọkùnrin náà: ẹlẹ́wà ni, ó lọ́yàyà, kóòtù ọrùn rẹ̀ sì jókòó sí èjìká bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé tí ó fi ọwọ́ dá mi dúró. “Bàbá, ẹ lọ sùn. Owó orí yín máa di òdo.” Kò béèrè ìwé kankan. Ó ti fọ́ọ̀mù òfìfo kan sí iwájú mi, ó ní: “Ẹ buwọ́ lù ú síbí, ìyókù kù sọ́wọ́ wa.” Owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun á yọ ọ́ lára ohunkóhun tí òun bá bá wa dín kù. Mo yìn ín, mo dúpẹ́, mo ní màá ronú sí i.

Inú ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀ ni Agéṣọ ti lanu. “Ọ̀gá, ọkùnrin yẹn ò tíì wọ̀n wá tó ti gé aṣọ.” Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, kí ọkùnrin náà má baà gbọ́. “Ẹ jẹ́ kó gbọ́! Gbogbo ilé ẹ̀ ni jíǹgí, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan.”

Ẹnì kejì ni ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ń ta òwú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ àgbà bọ̀wọ̀ fún ni, tó kàwé, tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Òun ní tirẹ̀ kọ gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀. Mo ní tèmi ni ilé ìránṣọ náà. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Mo ní mo fẹ́ tà á fún ọmọ mi díẹ̀díẹ̀, fún ọdún márùn-ún. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá.” Mo ní owó orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ó ní, “Rárá o, Bàbá.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé ìwé olójú ewé mẹ́jọ wá, tí wọ́n fi okùn tín-ín-rín dì ní ẹ̀gbẹ́, ó dára wò. Mo kà á, mo sì gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀ láti ojú ewé kìíní títí dé ìkẹjọ. Inú mi dùn gan-an. Díẹ̀ ló kù kí n gbà á síṣẹ́.

Agéṣọ ló bà á jẹ́ fún mi. Ó ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó gbé e kalẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gba ara yín nímọ̀ràn, ẹ wá fẹ́ sanwó fún ọmọ ọlọ́mọ.” Ohun tí Agéṣọ kò mọ̀ ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Èmi ni mo sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún Ọ̀gá Oníjíǹgí. Aṣọ tó lẹ́wà ni wọ́n fẹ́ rán fún mi, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí mo fún wọn kì í ṣe ìwọ̀n mi.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta. Ìyá tó ń bójú tó aṣọ ní ilé ìwòsàn rí i pé ọjọ́ ń lọ, ó ní: “Bàbá, ẹ lọ bá obìnrin tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ṣùgbọ́n ẹ má retí ẹ̀rín o.” Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí n ṣọ́ra. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà fúnra rẹ̀ pé kí ó dárúkọ ènìyàn méjì tó ti bá ṣiṣẹ́, ó sì dárúkọ wọn láìjanpata. Mo lọ bá àkọ́kọ́, oníbúrẹ́dì, níbi tó ti ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò. “Ó máa ń bínú o, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo parọ́ fún un. Ó dá owó mi padà, ó ní ìgbà tí mo bá ṣe tán kí n padà wá.” Mo bi í léèrè pé ṣé ó wá padà lọ. Ó ní: “Ṣé ẹ rí ààrò tuntun yìí?” Ẹnì kejì, oníbàtà, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kì í yọ́nu sí ènìyàn, ṣùgbọ́n tí o bá pè é tí kò gbé e, yóò pè ọ́ padà kí ọjọ́ náà tó parí. Mo tún lọ sí ilé ìkàwé, wọ́n bá mi wo kọ̀ǹpútà níbi tí orúkọ àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti máa gbani nímọ̀ràn lórí owó orí wà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi wo ti Ọ̀gá Oníjíǹgí náà. Wọn kò rí i. Bóyá a kò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa.

Òkè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún aago ṣe ni ọ́fíìsì obìnrin náà wà. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ni, orúnkún mi kà wọ́n. Yàrá méjì, fèrèsé kan, òdòdó kan nínú agolo ọ̀dà, fáìlì aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n dúró gbọọrọ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lórí ìlà. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, gíláàsì ojú rẹ̀ wà lórí irun rẹ̀. Kí n tó jókòó ló ti ní: “Ẹ má jókòó sórí ìyẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti fẹ́ yọ.” Inú mi dùn sí i lójú ẹsẹ̀, pé ó sọ àléébù àga rẹ̀ kí n tó ṣubú.

Mo kí i bó ti yẹ kí á kí onímọ̀. Mo yin ìmọ́tótó yàrá náà, mo yin bó ṣe to fáìlì, mo yin àwọn òbí tó bí i. Mo wá sọ fún un pé iṣẹ́ tirẹ̀ àti tiwa jọra, mo sì fi ìyá rẹ ṣe àpẹẹrẹ. O rántí rẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Bí oníbàárà bá fa ikùn sínú kí ó lè dà bí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá rẹ á fi orí téèpù kàn án ní ikùn pẹ́, á ní: “Ẹ mí síta, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́, kì í ṣe èmi.” Obìnrin náà ká ọwọ́ lẹ́rán títí mo fi parí. Ó ní: “Bàbá, orí mi wú, mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé.” Agéṣọ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tutù, láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pè é ní Ìyá Ẹ-Mú-Ìwé-Wá.

Kó tó gba iṣẹ́ náà, ó sọ ohun tó ń ṣe àti ohun tí kì í ṣe. “Mi ò kì í bá ènìyàn gbé owó orí pamọ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé kí ẹ má san ju ohun tí òfin ní kí ẹ san lọ, kí ẹ sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú, kó má bá yín lójijì.” Ó kọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, ó kọ ọjọ́ tí yóò parí, ó sì kọ ohun tí yóò fi kún un bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju bó ti rò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Ó fún mi ní àkójọ ìwé méje tí màá mú wá.

Mẹ́fà ni mo mú lọ. Èyí tó kù, ìwé tí a fi forúkọ ilé ìránṣọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, mo yọ ọ́ nínú àpò kí n tó kúrò nílé. Fọ́ọ̀mù owó orí ọdún tó kọjá sì ń bẹ nínú mẹ́fà náà. Mo fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé obìnrin tó ń jẹ ìwé bí oúnjẹ kò ní dé ìsàlẹ̀ àwo. Rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín.

Ó bi mí pé: “Ta ló ni ilé ìránṣọ?” Mo ní èmi ni. “Láti ìgbà wo?” Mo ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù náà jáde nísàlẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé àdéhùn tí mo buwọ́ lù lójú rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ ló wà lórí ọ̀kan, tèmi wà lórí èkejì, ṣùgbọ́n ìrù ìbuwọ́lù wọn jọ ara wọn: ní ìparí àwọn méjèèjì, báírò náà gbọ̀n bákan náà. Abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti bí ọdún méjì, n kò sọ fún ọ. “Bàbá, ta ni ìyáàfin yìí?” Mo ní ìyàwó mi ni. “Ṣé wọ́n wà nílé?”

Mo tọrọ omi. Mo mu omi náà tán, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí yin gíláàsì ojú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré. Ó ní: “Bàbá, tí ẹ bá ń wọn ènìyàn, tó wá fa ikùn sínú, kí lẹ máa ń sọ fún un?”

Mo mí síta.

Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún ọ yìí. Ilé ìránṣọ yìí kì í ṣe tèmi. Kò fìgbà kan jẹ́ tèmi. Ìyá rẹ ló fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́, òun ló ra ṣọ́ọ̀bù, òun ló forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí èmi ṣì jẹ́ ọmọkùnrin gíga kan tó gbà síṣẹ́ láti máa rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀yin ọmọ mọ ibi tó dùn nínú ìtàn náà, pé mo rán bọ́tìnì títí mo fi di ọkọ. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé orúkọ inú ìwé kò yí padà. A kò rí ìdí tí yóò fi yí padà. Ilé kan náà ni, àpò kan náà ni.

Oṣù kejì lẹ́yìn tí a sin ín, fọ́ọ̀mù owó orí dé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sí ara àpò ìwé náà. Gbogbo ayé ti ń pè é ní olóògbé nígbà náà, àní àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀wù kan ṣoṣo. Ìwé yẹn nìkan ló kọ “Ìyáàfin wa ọ̀wọ́n” sí i bí ẹni tó wà nílé. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn ti lè kọ ọ́ pé ẹni náà ti kú. Mo gbé báírò lé ibẹ̀. Ọwọ́ mi kò lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò tún fi orúkọ yẹn kọ̀wé sí ilé yìí mọ́ láyé. Mo bá buwọ́ lù ú bí òun ì bá ṣe buwọ́ lù ú. Ní ọdún kejì, ó rọrùn díẹ̀. Ní ọdún kẹta, ó ti di ohun tí mò ń retí. Mo san owó orí náà pé lọ́dọọdún, n kò jẹ ìjọba ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n tí àpò ìwé náà bá dé, màá gbé e sórí tábìlì yìí, màá fi í sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan láìṣí i, bí ẹni tó gbàlejò. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn.

Obìnrin náà kò bá mi wí, kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún. “Bàbá, mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ lẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ẹ̀ ń buwọ́ lùwé fún ẹni tí kò sí mọ́.” Ó wá tú u palẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni tó ń tú ojú ìrán láì ya aṣọ. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ, ilé ìránṣọ ti di ogún. Apá kan jẹ́ tèmi, apá kan tìrẹ, apá kan ti àbúrò rẹ. Ká ní mo gba ọ̀nà olójú ewé mẹ́jọ yẹn ni, owó ara rẹ lo máa fi ra ohun tó ti jẹ́ tìrẹ, o máa san owó orí lé e lórí, ilé ìwòsàn á sì rí orúkọ olóògbé lára ìwé ẹ̀rí wa kí a tó rán ẹ̀wù kan.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ nìyí. Kí á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara wa rìn lọ sí ọ́fíìsì owó orí kí ẹnikẹ́ni tó pè wá, kí á jẹ́wọ́, kí á san owó ìtanràn. Lẹ́yìn èyí, kí lọ́yà pín ogún náà sórí ìwé, kí èmi àti àbúrò rẹ sì fi ìpín tiwa fún ọ lọ́nà tí òfin fàyè gbà, apá kan lọ́dún yìí, ìyókù ní ọdún tó ń bọ̀, nítorí pé bí a bá pín in sí ọdún méjì, owó orí rẹ̀ yóò fúyẹ́ gidi. Bí a bá ti pín ogún náà sórí ìwé tán ni ilé ìránṣọ yóò tó lè gba ìwé ẹ̀rí ní orúkọ ẹni tó wà láàyè. Mo ní: “Ìyáàfin, ẹ ṣáà sọ fún mi pé ó máa dára.” Ó ní: “Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo lè sọ ohun tí a máa ṣe.” Láti inú gbólóhùn yẹn ni mo ti mọ̀ pé owó mi kò ṣòfò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a lọ. Akọ̀wé kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun ló gba lẹ́tà wa ní ojú fèrèsé. Ó ka lẹ́tà náà, ó kó àwọn fọ́ọ̀mù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde, ó tẹjú mọ́ wọn. “Ọdún mẹ́sàn-án? Bàbá, ní gbogbo àdúgbò yín, obìnrin yìí nìkan ló máa ń dá fọ́ọ̀mù padà kí ọjọ́ tó pé. Òun ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ń pẹ́.” Ó kó àwọn fọ́ọ̀mù náà jọ. Ó ní: “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.” Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ mi, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, mo sì rí i pé n kò tíì dáhùn ìkíni yẹn tọkàntọkàn fún ẹnikẹ́ni rí. Ó gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ sí iwájú mi, ó ní kí n fa ìlà sórí orúkọ náà, kí n sì fi orúkọ ara mi jẹ́rìí sí i. Ìyá Ẹ-Mú-Ìwé-Wá ti rúlà rẹ̀ sí mi. N kò gbà á. Mo fi ọwọ́ lásán fà á. Ìlà náà wọ́. Ìyá rẹ ì bá tú u, kí ó ní kí n tún un rán.

Owó ìtanràn náà ti jáde: kò kéré, kò sì pa wá. Nítorí pé a ti san owó orí pé, tí a sì fẹsẹ̀ ara wa wá, wọ́n gbà kí á pín in san lẹ́ẹ̀mẹrin. Èmi ni màá san án, kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe ilé ìránṣọ. Mo ti sọ òótọ́ fún ìyá tó ń bójú tó aṣọ ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Ó fún wa ní oṣù méjì, ó ní òun kò lágbára ju ìyẹn lọ. Lọ́yà sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fún pípín ogún, bí ẹ̀yin méjèèjì bá tètè buwọ́ lùwé. Àbúrò rẹ ti buwọ́ lu tirẹ̀. Ó sunkún lórí fóònù, ó wá bi mí bóyá ìyá yín sanwó fún mi dáadáa nígbà tí mò ń rán bọ́tìnì.

Ó wá kù sí ìwọ. Ìwé tìrẹ wà nínú àpò yìí. Onímọ̀ wa ní kí o má tíì buwọ́ lù ú, kí o má sì tíì fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Ó ní èmi ni òun ń ṣiṣẹ́ fún, nítorí náà kí o wá ẹlòmíràn tó jẹ́ tìrẹ, kí ó bá ọ kà á. Ọjọ́ méjìlá ló kù kí oṣù parí. Nígbà tí o gbà láti wá, o rò pé ohun tó mọ́ tónítóní ni bàbá rẹ ń gbé fún ọ. O ti rí i báyìí pé ó ní ibi tí wọ́n ti tú u tí wọ́n sì tún un rán. Bí o bá wá, inú mi yóò dùn dé ibi tí ẹnu mi kò lè sọ. Bí o kò bá lè wá, tìrẹ ṣì ni ìpín rẹ, ìfẹ́ mi sí ọ kò sì ní dín kù. Má ṣe jẹ́ kí àánú mi ṣe ọ́, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn mi fà ọ́. Mí síta kí o tó dáhùn.

Kí Ọlọ́run tó fún ìyá rẹ ní ọwọ́ tí kò gbọ̀n fún ìwọ náà ní ọkàn tí kò gbọ̀n. Kí ibi tí o bá yàn tù ọ́ lára. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà dé ibi tí wọ́n á fi máa bá ọ sọ òótọ́, kí ìwọ náà má sì pẹ́ tó mi kí o tó bá wọn sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti fìgbà kan jẹ́ aránbọ́tìnì fún ìyá rẹ.

Àfikún: Ìyá Ẹ-Mú-Ìwé-Wá wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó ní kí á rán kóòtù kan fún òun, òun á sì san owó ẹ̀ pé. Èmi ni mo gbé téèpù. Bí mo ṣe dé ìbàdí, mo rí i tó fa ikùn sínú fíì. Mo gbé ẹnu dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n Agéṣọ pariwo láti ìdí tábìlì: “Ìyáàfin, ẹ mí síta!” Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi já bọ́.

Ohun kan tún kù. Pátákó tó wà níta, tó gbé orúkọ ìnagijẹ ìyá rẹ, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, òfin kò ní kí á yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi Ìyá Ẹ-Mú-Ìwé-Wá léèrè.